Jíípù Àtijọ́: Ẹ Wo Ọ́ìlì Gíà àti Gééjì Epo Kí Ẹ Tó Yá Owó

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò ni a ó máa dárúkọ. Nínú àwọn ìwé ẹ̀yáwó pàjáwìrì tó dé iwájú ìgbìmọ̀ ní àsìkò ìkórè yìí, méjì ló sọ pé gíábọ́ọ̀sì jíípù ti kú, pé tòkunbọ̀ ni àwọn fẹ́ rà. Ìgbìmọ̀ ní kí á lọ wò ó ná kí a tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n tú bóòtù ìsàlẹ̀, ti ẹnì kìíní, eyín gíà ló fọ́ lóòótọ́. A rí irin nínú ọ́ìlì. Ti ẹnì kejì, omi ló wọ inú ọ́ìlì, kò sì tíì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i, jíípù náà sì ń kó iṣu lónìí. Gbèsè ọdún méjì ni ìbá jẹ́ fún ẹni tí kò jẹ gbèsè kankan.

Ẹ má ṣe rò pé jíípù àtijọ́ ti kúrò lọ́rọ̀ wa. Ọdún 1948 ni Land Rover àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Series III, tí wọ́n ṣe láti 1971 sí 1985, ló wọ́pọ̀ jù lójú ọ̀nà oko wa, nítorí pé ilé iṣẹ́ Leyland tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà máa ń to Land Rover pọ̀ níbẹ̀. Títí di òní, irú mọ́tò yìí, pẹ̀lú Toyota àti Nissan tòkunbọ̀, ló ń wọ oko tí mọ́tò kékeré kò lè dé, ní ìhà Ṣakí, Àgọ́-Àrẹ, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí títí dé Ìṣẹ́yìn.

Ọ̀RỌ̀ ỌÌLÌ GÍÀ

Gíábọ́ọ̀sì kì í dédé kú. Ọ́ìlì rẹ̀ ti máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú, bí a bá lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé mọ́tò sí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ kọ́kọ́ tú bóòtù òkè tí a ó ti da ọ́ìlì sí i, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá da ti inú rẹ̀ nù tán tí ti òkè kò sì tú, ibẹ̀ ni mọ́tò yóò sùn.

Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ tí a fi omi lù, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gba inú odò kọjá lákòókò òjò, kó wo ọ́ìlì rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Gíábọ́ọ̀sì tó gbóná, tó bọ́ sínú omi tútù lójijì, máa ń fa omi wọlé láti ihò tó fi ń mí. Bí ohun dúdú rírọ̀ díẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni. Bí ó bá ń dán bí idẹ, àwọn òrùka inú gíà ló ń jẹ tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èérún irin tó le, ẹ má tan ara yín jẹ, eyín ti fọ́.

Gíábọ́ọ̀sì Series III ń gba nǹkan bíi lítà 1.5, àpótí kejì tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba nǹkan bíi lítà 2.5. Ọ́ìlì gíà EP 90 ni wọ́n ń lò. Bí ọ́ìlì bá ń dín nínú ọ̀kan, tí kò sì sí ẹ̀kán kankan nílẹ̀, ẹ wo èkejì bóyá ó kún jù. Rọ́bà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló jẹ. Owó rọ́bà kì í ṣe owó gíábọ́ọ̀sì.

Kì í ṣe gbogbo jíípù ló ń mu ọ́ìlì kan náà o. Gíábọ́ọ̀sì LT77 tó wà nínú Land Rover àti Discovery ìparí àwọn ọdún 1980, ATF pupa ló ń lò bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń yí gíà rẹ̀. Ẹni tó bá da 90 sí i, gíà á le lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ní ti Toyota àti Nissan àtijọ́ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ, kí gíà wà ní P, kí ẹ tó fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde. Pupa mímọ́ ló dára. Bí ó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti ń jìyà. Bí ó bá rí bíi mílíìkì pupa, ẹ yẹ rádíétọ̀ wò. Omi rẹ̀ ti lè pàdé ọ́ìlì níbẹ̀.

Gíà tó bá sì ń ké nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ kì í, tí kò ké mọ́ bí mọ́tò bá ti ń lọ, ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì ná.

Ọ̀RỌ̀ GÉÉJÌ EPO

Gééjì tó ń parọ́ lè dá ènìyàn dúró sínú igbó pẹ̀lú ẹrù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè. Àwa tí à ń lọ sí ìhà Òkèrètè mọ ohun tí ìyẹn fojú wa rí. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo sì ti kúrò ní 2023, kò sẹ́ni tó ń gbé epo àfipamọ́ kiri bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ojú gééjì méjèèjì: ti epo àti ti ooru. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń ṣì sọ lórí Series III, kì í ṣe tánkì. Irin kékeré ẹ̀yìn gééjì tó ń dín agbára bátìrì kù fún wọn ló bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti epo nìkan, ẹ lọ sídìí tánkì. Ẹ yọ wáyà tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ ṣí bátìrì sílẹ̀, kí ẹ fi wáyà náà kan ṣásì fẹ́ẹ́rẹ́. Bí gééjì bá gòkè lọ sí ibi tó kún, gééjì àti wáyà dára. Ohun tó wà nínú tánkì tàbí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ní àrùn. Bí kò bá mira, ẹ tọ wáyà náà títí dé iwájú. Ẹ kọ́kọ́ fi pépà yíyan ha ẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ tó ra nǹkan kan, nítorí ẹrẹ̀ pupa ilẹ̀ wa máa ń jẹ ẹ́. Gééjì tó bá ń sọ pé epo tán nígbà gbogbo, ó lè jẹ́ pé omi-inú-tánkì ti wọ inú ohun tó ń léfòó, tí ó sì rì.

Ẹ má ṣe èyí níbi tí epo bá ti ń jò o, ẹ má sì mu sìgá níbẹ̀. Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ máa fi igi gbígbẹ mímọ́ wọn epo. Ẹ má fi ìṣáná wo inú tánkì láé.

ÌPINNU ÌGBÌMỌ̀

Láti oṣù yìí lọ, ẹni tó bá fẹ́ yá owó gíábọ́ọ̀sì, kó pe ọmọ ìgbìmọ̀ kan kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú ọ́ìlì, kí a rí i nínú àwo. Kì í ṣe pé a fura sí ẹnikẹ́ni, tàbí pé a kò gba ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì gbọ́. Owó tí a kó jọ nínú àpótí, owó iṣu ìyá yín àti owó kaṣú bàbá yín ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́