Eégbọn àti Ohun tí Ó Ń Fi Sílẹ̀ Lára

Nígbà tí àwọn àgbà Yorùbá bá fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tí àánú rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ sínú ewu, wọn a máa pa á lówe pé eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú, wọ́n ní kí adìẹ wá bá a já a, adìẹ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé oúnjẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni òun. Nínú òwe yìí, ẹnu kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ewu wà. Eégbọn fúnra rẹ̀ kò ju ayọnilẹ́nu lásán lọ. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń wò ó títí di òní náà nìyẹn, pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ń mu ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ burú ju ìwọ̀nba tí ó mu lọ.

Ẹbí aláǹtakùn àti àkeekèé ni eégbọn, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní bí ó bá dàgbà, ṣùgbọ́n mẹ́fà péré ni ti ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin. Abo rẹ̀ tí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó a wú kàǹkà bí èso lárà, a já bọ́ sílẹ̀, a yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú pàlàpálá ògiri tàbí ìdí koríko, lẹ́yìn náà ni yóò kú.

Níwọ̀n ìgbà tí ajá jẹ́ alábàárìn ọdẹ, tí ó sì tún jẹ́ ẹran tí a fi ń bọ Ògún, kò yani lẹ́nu pé etí ajá ni ìmọ̀ nípa ìtọ́jú eégbọn ti pọ̀ jù. Àwọn kan a máa fi omi ewé tábà tàbí omi dongoyárò tí a sè wẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn a máa gún ewúro, wọn a fún omi rẹ̀, wọn a sì fi ra àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí eégbọn máa ń sá pamọ́ sí. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni àdí, ìyẹn òróró dúdú tí a rí nípa yíyan ekùrọ́ títí yóò fi sun òróró jáde. Òróró yìí kan náà ni a fi ń pa ọmọ tí gìrì ń mú lára, òun ni a fi ń pa ara tí ó ń yúnni, síbẹ̀ èèwọ̀ ńlá ni fún Èṣù, débi pé a kì í jẹ́ kí ó kan ojúbọ rẹ̀ rárá, ọ̀wọ̀ tí ó sì tọ́ sí èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tí ń tọ́jú ajá nílé olórìṣà gbé àdí rẹ̀ jìnnà. Àdí lè tu awọ ara tí eégbọn ti jẹ lára, ṣùgbọ́n kì í tètè pa eégbọn tí ó ti fi ẹnu gúnlẹ̀. Ti kẹrosíìnì àti ọ̀tápiapia kò jọ èyí rárá, nítorí ajá a máa lá ara rẹ̀, májèlé tí a fi pa eégbọn a sì tipa bẹ́ẹ̀ wọ inú ajá. Àṣà búburú ni, ó yẹ kí a pa á tì.

Àwọn Fúlàní darandaran ní tiwọn a máa fi ọwọ́ ṣa eégbọn lára màlúù, wọn a sì dáná èéfín ní ìrọ̀lẹ́ kí kòkòrò má baà sún mọ́ agbo. Lékeléke tí àwọn ọmọdé gbà pé ó lè fún wọn ní èékánná funfun a máa bá àwọn darandaran ṣe nínú iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tata tí màlúù ń tú jáde nínú koríko ni ó ń jẹ jù.

Ní 1893 ni àwọn onímọ̀ méjì, Theobald Smith àti Kilborne, fi hàn ní Amẹ́ríkà pé eégbọn ni ó ń gbé ibà kan tí ń pa màlúù kiri. Irú kòkòrò àìrí tí ń fa ibà náà ń bá ajá jà níhìn-ín pẹ̀lú: inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wọ̀, tí yóò sì máa bẹ́ wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìtọ̀ ajá yóò fi pọ́n, tí a bá sì gbé ètè rẹ̀ sókè, èrìgì rẹ̀ yóò ti funfun. Ní ti Ìbàdàn, ìlú náà ní orúkọ nínú ìmọ̀ yìí, nítorí lára eégbọn màlúù tí a ń pè ní Amblyomma variegatum ni àwọn onímọ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ní 1964, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dugbe, orúkọ ọjà Dùgbẹ̀. Ibà tí kò le púpọ̀ ni ti Dugbe lára ènìyàn. Ìbátan rẹ̀ tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní Crimea ní 1944, tí a sì tún rí ní Kóńgò ní 1956, ni ó burú, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya lára aláìsàn títí yóò fi kú. Kì í ṣe jíjẹ eégbọn nìkan ni ó ń gbé èyí, ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó ní in lára a máa kó o ran alápatà, bẹ́ẹ̀ ni omi ara eégbọn tí a tẹ̀ pa.

Nítorí náà, àṣà fífi èékánná méjì tẹ eégbọn pa kò dára, bí ó ti wù kí ó tẹ́ni lọ́rùn tó. Ẹ̀mú kékeré ni kí a fi dì í mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ ara, kí a fà á jáde tààrà láìlọ́ ọ, kí a má ṣe fi iná tàbí kẹrosíìnì kàn án, kí a sì fi ọṣẹ wẹ ojú ibẹ̀. Ẹni tí ibà bá sì mú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé eégbọn jẹ òun, nítorí àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn kò lè fi irú ibà yìí hàn.