ÌWÉ IWIN TUTÙỌLÁ: ÒYÌNBÓ YÌN ÍN, Ọ̀MỌ̀WÉ TIWA BÚ U

Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Lẹ́kí lọ sí Ajah yóò gbọ́ tí kọ̀ndọ́ ń pariwo Igbó Ẹfọ̀n. Kò sẹ́fọ̀n níbẹ̀ mọ́ o, ilé àti títì ló kù. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò jẹ́ ká gbàgbé pé igbó ní ẹ̀rù tirẹ̀. Ẹ̀rù igbó ni Amos Tutùọlá fi kọ̀wé, ìwé ọ̀hún sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó kà á.

Ta ni Tutùọlá? Oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1920. Bàbá rẹ̀ tó ń dáko kòkó kú ní 1939, ilé ìwé bá parí, ló bá lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà ogun Hitler, iṣẹ́ yìí ló ṣe fáwọn ológun òfurufú òyìnbó. Ogun parí, iṣẹ́ bọ́, ó di mẹ́sẹ́ńjà ìjọba l'Ékòó.

Ní 1952, Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde. Ọ̀mùtí kan ni adẹ́mu rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ, tó kú, ló bá wá a lọ sílùú àwọn òkú. Ibẹ̀ ni ìtàn ọmọge tó kọ gbogbo ọkọ wà, tó wá tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan kúrò lọ́jà. Wọ́n wọgbó, ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara tó háyà padà: ẹsẹ̀ lọ, apá lọ, ó wá ku agbárí lásán!

Dylan Thomas, akéwì òyìnbó, yin ìwé náà nínú ìwé ìròyìn Observer. Àwọn Faransé túmọ̀ rẹ̀ ní 1953. Ṣùgbọ́n nílé ńkọ́? Ní 1954, lẹ́tà ìbínú jáde nínú ìwé ìròyìn West Africa. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dáa, ọ̀pọ̀ ìtàn náà sì ti wà nínú ìwé D.O. Fágúnwà. Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù: òmìnira ni wọ́n ń jà fún, wọn ò fẹ́ kí òyìnbó fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ ta ló ni àlọ́? Ìyá àgbà ló pa á fún Fágúnwà, òun náà ló pa á fún Tutùọlá.

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó pè é ní Ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá tán níbẹ̀! Ẹni tí kò kàwé rí pàápàá lè wò ó, kó sì dájọ́ fúnra rẹ̀. Ní 1977, Chinua Achebe sọ n'Ìbàdàn pé ìwé iṣẹ́ ni: ẹni tó ń mutí láìṣiṣẹ́ ni ìrìn àjò ń fìyà jẹ.

Tutùọlá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ sílé ìwé alẹ́, ó ń tọ́jú ẹrù ní iléeṣẹ́ rédíò, ó sì ń kọ̀wé títí. Ó kú ní 1997.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin lẹ ni àlọ́ yìí, ṣùgbọ́n wọn ò bi yín nígbà ìjà. Ẹ dájọ́ tiyín. Bí arẹwà tójú ò rí rí bá sì yà sí ìsọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló yá a lẹ́sẹ̀.