Ìkookò Orí Igi: Àlá Ọmọdé tí ó Dá Àríyànjiyàn Sílẹ̀

Funfun báláú ni àwọn ìkookò náà. Mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n, orí igi ńlá kan níwájú fèrèsé ni wọ́n jókòó sí. Wọn kò mira, ọmọ tí ó wà lórí ibùsùn ni wọ́n tẹjú mọ́. Igbe ni ọmọ náà fi ta jí. Sergei Pankejeff ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọlọ́rọ̀ ni ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kò sì ju bí ọmọ ọdún mẹ́rin lọ.

Ní 1910, nígbà tí àìsàn ọkàn ti sọ ọ́ di ẹni tí kò lè dá nǹkan ṣe, ó tọ Sigmund Freud lọ ní Vienna. Nínú àlá yìí ni Freud ti fa ọ̀rọ̀ yọ. Ó ní nígbà tí Pankejeff wà ní ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀, ó jí lójú oorun, ó sì rí bàbá àti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí tọkọtaya ń ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn ìkookò, òdì ohun tí ó rí ni. Funfun ara wọn, aṣọ àwọn òbí ni.

Ṣùgbọ́n ta ni ó rántí rẹ̀? Pankejeff kò rántí. Freud ni ó tò ó jọ.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ yóò dé bá Freud. Ní 1897, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Wilhelm Fliess, pé òun kò gba ìmọ̀ tí òun fúnra òun gbé kalẹ̀ gbọ́ mọ́, èyí tí ó sọ pé ìbàjẹ́ tí àgbà ṣe sí ọmọdé ni ó ń fa irú àìsàn ọkàn báyìí. Bí kò bá wá ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí ìtàn àwọn aláìsàn fi ń jọra? Láàárín 1915 sí 1917, ó dáhùn: àwọn àwòrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí a jogún. Àṣírí ibùsùn àwọn òbí, àgbà tí ń tan ọmọdé, ìhàlẹ̀ pé a ó gé ohun ọkùnrin: ó ní gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí sí àwọn baba ńlá ènìyàn, ọmọdé sì ń fi ìrírí tiwọn dí àlàfo ìrírí tirẹ̀.

Ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá Freud lẹ́bi rẹ̀ rèé. Bí ọmọ bá rí i, Freud jàre. Bí kò rí i, baba ńlá rẹ̀ rí i. Nígbà tí ó tẹ ìtàn náà jáde ní 1918, òun gan-an kò dá ẹjọ́ náà tán. Ní 1964, Laplanche àti Pontalis ní ilẹ̀ Faransé gbé e gba ọ̀nà mìíràn tí ó ṣe é gbà ju ti ogún lọ: wọ́n ní ìdáhùn sí ìbéèrè orírun ni àwọn àwòrán náà, irú èyí tí ọmọdé ń bi ara rẹ̀ nípa ibi tí òun ti wá.

Pankejeff ní tirẹ̀ pàdánù ọrọ̀ rẹ̀ nínú ìyípadà ìjọba Rọ́ṣíà, ó sì di òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ adójútòfò ní Vienna, níbi tí ó kú sí ní 1979. Kí ó tó kú, ó bá akọ̀ròyìn kan, Karin Obholzer, sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò gba ìtumọ̀ Freud gbọ́: ní Rọ́ṣíà, yàrá alágbàtọ́ ni àwọn ọmọdé ń sùn sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn òbí.