Ẹ̀wà àti Yanrìn Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí

Ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, níbi tí wọ́n ti ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn láàrin òkun àti ọ̀sà, òjò a sì máa tètè fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kọjá ibi tí gbòǹgbò lè dé. Ní agbègbè yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote wà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022, tí wọ́n sì kọ́ láti máa pèsè mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń fa náítírójìn, èròjà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, gáàsì àti ooru gbígbóná ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́ di yúríà. Àgbẹ̀ tí kì í lo ajílẹ̀ kẹ́míkà kò ní ìpín nínú yúríà náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀wà lè bá a ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìdáná.

Bí a bá rọra hú ẹ̀wà tó ń tanná, tí a sì gbọn yanrìn ara rẹ̀ dànù, a ó rí kókó wẹ́wẹ́ roboto lára gbòǹgbò rẹ̀. Inú àwọn kókó wọ̀nyí ni rhizobium, kòkòrò àìfojúrí kan, ń gbé. Ẹ̀wà ń fún un ní oúnjẹ tí ewé fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe, òun náà sì ń sọ náítírójìn afẹ́fẹ́ di ohun tí ẹ̀wà lè lò. Kókó tí a bá fi èékánná là, tí inú rẹ̀ pọ́n, ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé èròjà tó pọ́n náà bá èyí tó mú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pupa tan. Èyí tí inú rẹ̀ funfun kò tíì ṣe nǹkan kan.

Àṣìṣe ńlá ni láti rò pé gbígbin ẹ̀wà nìkan ti tó. Bí ẹ̀wà bá ti ń gbó, inú irúgbìn ni ó ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn rẹ̀ sí, nítorí náà ẹni tó kórè rẹ̀, tó tún ru ìtàkùn rẹ̀ lọ fún ewúrẹ́, tí kò sì dá ìgbẹ́ ewúrẹ́ padà sóko, lè sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ewé sílẹ̀ fún ilẹ̀ dípò kí wọ́n kó o lọ. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní agbègbè Mono, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irú yèrèpè kan tí kì í yún ara ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi nítorí pé ó ń bo èkan mọ́lẹ̀ pa, tí ewé rẹ̀ sì ń jẹrà fún àgbàdo. Ṣùgbọ́n ó ń gba ilẹ̀ fún odindi sáà kan, irúgbìn rẹ̀ sì ní èròjà L-dopa tí kò jẹ́ kó ṣeé jẹ bí ẹ̀wà. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n gógó, ó sàn kí a gbin ẹ̀wà sáàrin ẹ̀gẹ́, kí a gé apá kan rẹ̀ nígbà tó bá ń tanná, kí a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, kí a sì fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú yanrìn.