Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ń Pọ́n, Lésà Ń Gbọ́ Ọ



Àǹtí mi ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà Kábà. Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kan, inú wọn ò dùn rárá. "Ẹyọ kan péré ló ti pọ́n láàárín wọn tí n ò rí. Ó ti ran gbogbo àpò!"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì kan tó ń jẹ́ ethylene jáde, gáàsì yìí ló sì ń mú kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà pọ́n. Imú wa kì í gbóòórùn rẹ̀ tó bá kéré. Àmọ́ etí lè gbọ́ ọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín!

Lọ́dún 1880, Alexander Graham Bell (bẹ́ẹ̀ ni, ti tẹlifóònù) rí i pé téèyàn bá ń ṣí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tó ń dí i, kíákíá kíákíá, nǹkan tí ìmọ́lẹ̀ náà bà lé á dún. Lọ́dún 1881, John Tyndall àti Röntgen fi gáàsì dán an wò. Ó dún.

Gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní irú ìmọ́lẹ̀ tó máa ń gbé mì. Tó bá gbé e mì, ó gbóná, ó fẹ̀; tí ìmọ́lẹ̀ bá kúrò, ó tutù, ó súnkì. Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti di ohùn nìyẹn, maikirofóònù á sì gbọ́ ọ. Bí gáàsì bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn á ṣe ròkè tó. Ní Nijmegen, ní Netherlands, àwọn onímọ̀ ti fi lésà gbọ́ ethylene lára òdòdó orchid, kódà nígbà tí kò tó hóró 1 nínú bílíọ̀nù hóró afẹ́fẹ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni kábáídì. Àwọn kan ń fi í mú èso pọ́n tipátipá. Tómi bá kàn án, ó ń tú acetylene jáde, tó ń ṣe bí ethylene. Ṣùgbọ́n kábáídì ọjà lè ní arsenic àti phosphorus nínú, NAFDAC sì ti kìlọ̀ títí. Ìmọ́lẹ̀ tí acetylene ń gbé mì yàtọ̀ sí ti ethylene. Ẹ̀rọ tó bá ń gbọ́ méjèèjì lè sọ fún wa, nínú yàrá ìkẹ́rù, bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń pọ́n fúnra rẹ̀ àbí ẹnì kan ti da kábáídì sí i.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Àǹtí mi. Wọ́n ní, "Èló ni ẹ̀rọ ọ̀hún?" Mo ní ó ju owó gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ọjà yìí lọ. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n jókòó, kí n bá wọn ṣa èyí tó ti pọ́n kúrò ná.