Kọnkéré Tó Ń Wo Ara Rẹ̀ Sàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ìwà ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé gan-an ni. Kò sí bí kọnkéré ṣe lágbára tó tí kì í sán. Ojú ibi tó sán lè tín-ín-rín bí òwú, kí onílé fi ọ̀dà bò ó, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Aláǹgbá kò lè gba ibẹ̀ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi lè gba ibẹ̀. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti kan irin tó wà nínú kọnkéré, irin náà yóò dípẹtà, yóò wú, yóò sì máa ti kọnkéré tó yí i ká títí tí yóò fi fọ́.

Ǹjẹ́ kọnkéré lè di ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀ bí awọ ara wa ti ń ṣe? Ìbéèrè yìí ni Henk Jonkers, onímọ̀ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ìlú Delft ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ lé lórí ní ọdún 2006.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Inú kọnkéré gbẹ, ó há, ó sì ń jó bí omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹ̀dá wo ló lè gbé ibẹ̀? Jonkers yan ìran bakitéríà kan tí à ń pè ní Bacillus. Àwọn kan nínú wọn wà tó jẹ́ pé inú adágún tí omi rẹ̀ kún fún káún ni wọ́n ti ń gbé. Wọn kì í fa àìsàn. Bí ìyà bá dé, wọn a fi èèpo líle bo ara wọn, wọn a sì sùn bí irúgbìn inú àká, láìjẹ láìmu, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Wọ́n kó bakitéríà tó ń sùn yìí àti oúnjẹ wọn, kálsíọ̀mù láktéètì, sínú àwọn wóró amọ̀ kéékèèké, wọ́n sì po wọ́n mọ́ kọnkéré. Lọ́jọ́ tí kọnkéré bá sán, omi á wọlé, omi náà ni yóò sì jí wọn. Bí wọ́n ti ń jẹun ni kálsíọ̀mù inú oúnjẹ náà ń di òkúta ẹfun, tí yóò dí ojú ibẹ̀ pa. Wọ́n tún ń lo ọ́síjìn tí ìbá mú irin dípẹtà. Ọ̀tá tí à ń sá fún gan-an ló wá di ẹni tó ń pe oníṣègùn.

Ojú sísán tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 0.8 lọ ni wọ́n lè dí. Ní ọdún 2015, Jonkers wà lára àwọn tó dé ìpele àṣekágbá fún àmì-ẹ̀yẹ àwọn olùdásílẹ̀ ohun tuntun nílẹ̀ Yúróòpù.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi òye gbọ́ ọ. Owó kọnkéré yìí ju ti èyí tí a mọ̀ lọ. Wóró amọ̀ kò sì le tó òkúta wẹ́wẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, agbára kọnkéré yóò dínkù. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, bakitéríà kò lè tún iṣẹ́ èrú ṣe. Ilé tí wọ́n fi irin tín-ín-rín kọ́, tí wọ́n dín sìmẹ́ńtì rẹ̀ kù, kò sí kòkòrò tó lè gbà á là.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò dúró de ọjọ́ tí irú kọnkéré bẹ́ẹ̀ yóò wọ́pọ̀. Àwọn kòkòrò yìí kì í dúró kí ọgbẹ́ fẹ̀ kí wọ́n tó jí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé tí ẹ ó gbé, ẹ má wo àwọ̀ ọ̀dà nìkan. Ẹ wo igun ògiri, ẹ wo abẹ́ òpó, kí ẹ sì béèrè ohun tí ọ̀dà tuntun náà ń bò mọ́lẹ̀.