Abẹ́rẹ́ tó ń wo àìsàn lè ba etí jẹ́: ẹ bèèrè kí wọ́n tó gún un



Ẹni tó ń tajà mọ iyì etí. Oníbàárà ń ná ọjà níwájú, alábàárù ń kígbe "ẹ yà lọ́nà" lẹ́yìn, ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti Parakou ń fun fèrè lójú títì. Ẹni tí kò bá gbọ́ wọn, ọjà rẹ̀ lè bàjẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ pàápàá wà nínú ewu. Gbogbo wa la mọ̀ pé ariwo àti ọjọ́ ogbó lè ba etí jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé oògùn náà lè ṣe é, àní abẹ́rẹ́ tí a gbà kí ara lè yá.

Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tó ká kóró bí ìkarahun ìgbín, àwọn irun tín-ín-tín kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ló ń gba ohùn kí ó tó dé ọpọlọ. Irú wọn mìíràn ló ń jẹ́ kí a lè dúró ṣánṣán láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Irun orí tí a bá fá yóò tún hù, ṣùgbọ́n ti inú etí, bó bá ti kú, kì í hù mọ́.

Àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tó lè pa wọ́n: gentamicin, streptomycin, kanamycin àti amikacin. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Oògùn gidi ni wọ́n, wọ́n sì ń gba ẹ̀mí là, títí kan ti ọmọ tuntun tí kòkòrò àrùn bá wọ̀ lára. Kíndìnrín ló ń kó wọn jáde lára. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, bí oògùn bá pọ̀ jù, tàbí bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá gùn jù, oògùn yóò máa gbá jọ sínú etí. Kinín tí a ń lò fún ibà náà máa ń mú kí etí hó, kí ìgbọ́ràn sì dínkù, àmọ́ ìyẹn sábà máa ń lọ tí a bá lo oògùn náà tán. Fún ibà tó le gan-an, artesunate ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò dípò kinín, fún àgbàlagbà láti 2006, fún ọmọdé láti 2011.

Ọ̀rọ̀ náà kan orílẹ̀-èdè wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1943 ni wọ́n rí streptomycin, oògùn tó kọ́kọ́ borí ikọ́ ife. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi rí i pé òòyì ń kọ́ àwọn kan tó ń gbà á, etí àwọn mìíràn sì di. Láàárín 2013 sí 2015, Benin wà lára orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án tó dán ìtọ́jú oṣù mẹ́sàn-án wò fún ikọ́ ife tí oògùn àtijọ́ kò ràn mọ́. Àwọn aláìsàn tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000, kanamycin sì wà lára oògùn wọn. Nínú 100, bíi 82 ni ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún, ṣùgbọ́n etí àwọn kan bàjẹ́. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n má lo kanamycin fún irú ikọ́ yìí mọ́, oògùn tí a ń gbé mì sì ti ń gba ipò abẹ́rẹ́. Ìpalára etí wà lára ohun tó fa àyípadà náà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọn etí ẹni tó ra abẹ́rẹ́ lórí àtẹ? Ní October 12, 2009, Kútọnu ni wọ́n ti ké sí gbogbo ayé pé kí wọ́n gbógun ti ayédèrú oògùn. Ní 2017, ìjọba gbógun ti àwọn tó ń tà á ní Adjégounlè, nínú ọjà Dantokpa. Síbẹ̀, oògùn orí àtẹ kò tíì tán. Ẹni tó ń tà á kì í wọn ọmọ kí ó tó sọ iye tí wọn yóò lò, kì í sì í bèèrè nípa kíndìnrín.

Nítorí náà, kí wọ́n tó gún yín ní abẹ́rẹ́, ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀, ohun tó wà fún, àti iye ọjọ́ tí ẹ óò fi gbà á. Ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bí ẹ bá lóyún, bí kíndìnrín bá ń dà yín láàmú, bí etí yín bá ti ń hó tẹ́lẹ̀, tàbí bí ẹnì kan nínú ìdílé ìyá yín bá ti di adití lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ewu yìí lè wá láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Bí ẹ bá ti ń gbà á, tí etí bẹ̀rẹ̀ sí hó, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí ẹ kò gbọ́ ohùn tó tín-ínrín bíi ti ẹyẹ mọ́, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dá oògùn ikọ́ ife dúró fúnra yín, nítorí ikọ́ náà yóò padà wá, yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn lè dín in kù, wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé etí òun ń hó. Ẹ pè é láti ẹ̀yìn. Bí kò bá yíjú, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kò ní lè sọ ọ́. Bí etí bá ń ṣọyún, ẹ má kán oògùn sí i kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí awọ etí bá ti lu, àwọn oògùn kan yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á darí yín sí ilé ìwòsàn ńlá Parakou, níbi tí dókítà etí wà. Ẹ mú ìwé tàbí páálí oògùn náà dání, kí wọ́n lè mọ ohun tó wọ ara yín.